Dádì fẹ́ ta ilẹ̀ kí n lè lọ kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì

Lẹ́tà tó wọlé: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin ọdún 21 ni mí, Iléṣà là ń gbé, ẹ̀yìn Ẹrẹ́jà. Àtikékeré ni mo ti fẹ́ di páílọ́ọ̀tì. Mo rí skúùlù kan ní Florida, wọ́n ní tá a bá san gbogbo owó pọ̀ kóṣù yìí tó parí, àwọn á yọ díẹ̀ fún wa. Dádì ti fẹ́ ta ilẹ̀ wa tó wà lọ́nà Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n Dádì ní South Africa ló dáa torí ó dínwó. Mọ́mì ò sọ nǹkan kan, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

Ọmọ mi, bá mi kí Mọ́mì àti Dádì o. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tójú mi dúró sí kì í ṣe Florida, kì í ṣe South Africa, ibi tó o ti ní kẹ́ ẹ san gbogbo owó pọ̀ yẹn ni. Ẹ má san án. Bí wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa yọ ìdajì, mo bẹ̀ yín, ẹ má san án.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́, o mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn bàbá yín tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú láyé ọjọ́sí. Òṣómàáló. Wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn láwìn, tọ́jọ́ owó bá pé wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wọn ni pé wọ́n mọlé onígbèsè. Ìwọ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti kówó fún wọn tán tí wọn ò wá jẹ́ kó o fò, ẹnu ọ̀nà ta lo fẹ́ lọ lóṣòó sí ní Florida?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ skúùlù kan lókè òkun, wọ́n ti san gbogbo owó kó tó wọ báàlù torí irú ẹ̀dínwó tí wọ́n fi ń fà yín yìí. Báàlù mẹ́rin ló wà nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìgbà tó débẹ̀, ọ̀kan ló ń fò, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì báàlù méjì sílẹ̀, ìkẹrin ń retí páàtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lé ní ọgbọ̀n. Ọmọ á jí láago mẹ́rin ìdájí, á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ skúùlù ti ilẹ̀kùn, owó ò padà. Orí àga nínú pálọ̀ mi níbí ní Ilé-Ifẹ̀ ló jókòó sí nígbà tó dé, ó gbé logbook ẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí tó ti fò sí, lé mi lọ́wọ́, mo ń ṣí i, wákàtí 61 péré ló wà níbẹ̀, ìyókù òfìfo. Mi ò lè gbàgbé ojú ọmọ yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn tísà ti sáìn sí 61 yẹn, òun ló gbé lọ síbòmíì tó fi parí, ibẹ̀ yẹn wọ́n ń san owó díẹ̀díẹ̀ ni.

Wákàtí ni wọ́n ń tà, ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Mítà kékeré kan wà nínú báàlù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà bá ti pé ó ti yí lẹ́ẹ̀kan, bó o tiẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tó ò ń retí kí wọ́n ní kó o gbéra, tẹ́ńjìnì bá sáà ti ń ṣiṣẹ́, owó ń lọ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, lásẹ́ǹsì CPL tí wọ́n fi ń fò gbowó, wákàtí 250 ló ń gbà, tàbí 190 ní skúùlù tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Part 141, South Africa 200. Ohun tí wọ́n ń tà ní ẹyọ-ẹyọ, kí ló dé tó o máa ra igba papọ̀? San ti oṣù kan, fò ó tán, gba risíìtì, kó o tó san òmíì. Skúùlù tó bá kọ̀, fi í sílẹ̀.

Bi wọ́n pé báàlù mélòó ló ń fò lónìí, tísà mélòó, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó. Gbogbo báàlù tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn fowó ní Amẹ́ríkà, tó bá ti fò fún wákàtí 100 wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí náà skúùlù tó ní méjì péré, ńṣe lo kàn máa máa jókòó. Ní Florida, láti June dé September, òjò pẹ̀lú àrá lọ́sàn-án kì í wọ́n, ẹni tí wọn ò bá fún láàárọ̀ lè má fò lọ́jọ́ yẹn rárá. Ní kí wọ́n fi vídíò WhatsApp hàn ẹ́ inú gàréèjì báàlù wọn, kó o sì wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí níbẹ̀ bá sọ̀rọ̀ fúnra ẹ.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ fọ́mọ ni ti físà Amẹ́ríkà. M-1 ni wọ́n sábà ń fún ẹni tó fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yìí, wọn ò sì gbà kó o ṣiṣẹ́ bó o ṣe ń kọ́ ọ. Tó bá ti lé lóṣù mẹ́fà, o ò lè kúrò ní skúùlù yẹn bọ́ sí òmíì àfi tó bá jẹ́ ohun tó kọjá agbára ẹ. Torí náà kó o tó kúrò ní Nàìjíríà ni kó o ti yan skúùlù dáadáa.

Ti ẹ̀gbọ́n Dádì, òótọ́ ni pé South Africa lè dínwó, wọ́n ń kọ́ páílọ́ọ̀tì tó dáa níbẹ̀. Skúùlù páílọ́ọ̀tì ìjọba tó wà ní Zaria tiẹ̀ wà níbí, látọdún 1964 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ibi yòówù kó o lọ, tó bá jẹ́ pé ilé lo fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́, NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ báàlù, ló máa yí lásẹ́ǹsì ẹ padà sí ti Nàìjíríà, wọ́n máa kọ̀wé lọ bi àwọn tó fún ẹ bóyá òótọ́ ni. Lọ béèrè lọ́wọ́ NCAA kó o tó sanwó. Kí Dádì sì má fi gbogbo owó ilẹ̀ sórí CPL nìkan, torí ọkọ̀ ńlá bíi Boeing 737, ẹ̀kọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀ lo tún máa ṣe, owó ńlá sì ni.

Àmọ́ kò tíì kan gbogbo ìyẹn. Lọ ṣe médíkà Class 1, ìyẹn àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń ṣe fún páílọ́ọ̀tì tó ń fò gbowó, lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí ná. Wọ́n á yẹ ọkàn ẹ wò, etí ẹ, ojú ẹ, wọ́n á ṣí ìwé kan tó kún fún tótòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n á ní kó o ka nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì lò ń lò, má bẹ̀rù, wọ́n ń gba oníglàásì. Àwọ̀ téèyàn ò lè dá mọ̀ yàtọ̀ síra ló lè dí èèyàn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ tó ní in ni ò tiẹ̀ mọ̀ títí wọ́n á fi ṣí ìwé yẹn síwájú wọn. Àbí kẹ́ ẹ ti ta ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀?

Ní kí Dádì má fọwọ́ sí nǹkan kan lóṣù yìí. Ìwé ilẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣì wà nínú àpótí wọn. Jókòó ti Mọ́mì lálẹ́ òní, ka ohun tí mo kọ yìí fún wọn, kó o sì bi wọ́n léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, torí o ò sọ ọ́ fún mi, ó jọ pé ìwọ náà ò tíì bi wọ́n. Tí médíkà bá jáde, kọ̀wé sí mi, fi orúkọ skúùlù mẹ́ta ránṣẹ́, ká jọ wò ó.