Lífítì inú ilé fún bàbá tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́: ohun tójú mi rí

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Mo ka ìbéèrè yín: bàbá ní àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé ní Ìtòkò, ìwé iye owó mẹ́ta sì ti dé ọwọ́ yín, ọ̀kan fún àga tó ń gun àtẹ̀gùn, ọ̀kan fún lífítì onígíláàsì tó ń fi afẹ́fẹ́ gòkè, ọ̀kan fún lífítì olóìlì tí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ lu ihò sí dẹ́kìn. Ẹ ní ká sọ èyí tí ẹ ó mú. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìtọ́jú màámi ló kọ́ mi, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe tí mo fowó ara mi rà.

Ilé wa wà lápá Ìbarà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan tí bàbá wa kọ́. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀, òkè là ń gbé. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni: mẹ́jọ gòkè, ó ṣẹ́rí padà lórí pèpéle kékeré kan, mẹ́jọ yòókù wá parí ẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́rí yẹn sọ́kàn, òun ló jẹ mí lówó.

Ọdún 2019 ni apá àti ẹsẹ̀ òsì màámi rọ. Lọ́jọ́ tí ọsibítù ní ká máa gbé wọn lọ sílé, ọmọkùnrin méjì ládùúgbò ló gbé wọn gòkè lórí àga rọ́bà. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún bí oṣù mẹ́rin. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ rí dókítà, a ó pe àwọn ọmọ yẹn, a ó fún wọn ní nǹkan. Títí ẹsẹ̀ àga fi kán lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn kẹta. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti kù díẹ̀ kí wọ́n délẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn màámi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn mọ́. Gbogbo ẹbí ní kí wọ́n kúkú wá máa gbé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fi òkè tí àwọn ti ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sí Kútọ̀ sílẹ̀ kí àwọn wá máa sùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Inú bí mi nígbà yẹn. Báyìí mo gbà pé wọ́n jàre.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé. Ó lè dà bí àwàdà, àmọ́ Abẹ́òkúta la wà, orí àpáta la kọ́lé sí. Ilé tó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú títì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkìjà ṣílẹ̀kùn sára ògiri ẹ̀yìn lókè, ó da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ́ sí ọ̀nà tó wà lórí òkè yẹn, àga onítáyà ìyá ẹ̀ ń wọlé tààrà. Kò ra lífítì kankan. Ìṣirò rẹ̀ ni pé gíga ẹsẹ̀ bàtà kan ń fẹ́ kọnkéré tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Tí ìyàtọ̀ ilẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ wá 24. Tó bá ti ń lọ sí márùn-ún, ààyè ò ní gbà yín, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ lífítì.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń tajà kì í sábà bi èèyàn: ṣé bàbá lè kúrò lórí àga kan bọ́ sórí òmíràn, fúnra wọn tàbí kí ẹnì kan ṣoṣo dì wọ́n mú? Tí wọn ò bá lè ṣe é, ẹ yọ àga tó ń gun àtẹ̀gùn kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí. Tí wọ́n bá lè ṣe é, ẹ tún bi dókítà bó ṣe máa rí lọ́dún méjì sí i. Èmi ò bi í.

Àga yẹn, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń de réèlì ẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ògiri, torí náà ògiri tó ti gbó kò dí i lọ́wọ́. Bátìrì méjì, fóòtì 12 kọ̀ọ̀kan, ló ń gbé e rìn. Iná ilé kàn ń ṣe cháàjì wọn ni. Kí iná lọ nígbà tí èèyàn wà láàárín, á máa lọ ní tiẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ fún ìlú wa nìyẹn. Àmọ́ ibi tó ń dúró sí lókè àti nísàlẹ̀ nìkan ló ti ń gba cháàjì. Tí àwọn ọmọ bá fi í ṣeré tí wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín, á máa ké fín-ín, fín-ín, títí bátìrì á fi kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́rí wá dé. Réèlì tó lọ tààrà, wọ́n lè gé e bá àtẹ̀gùn tó gùn tàbí tó kúrú mu. Èyí tó ń ṣẹ́rí, bí aṣọ tí télọ̀ rán ni, ara ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Èmi ò mọ̀. Mo ra tòkúnbọ̀ kan ní Èkó, ẹni tó tà á búra fún mi pé á wọlé. Ìgbà tá a kó irin náà dé Ìbarà la rí i pé àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ṣe é fún lókè òkun ń ṣẹ́ sí ọ̀tún, tiwa ń ṣẹ́ sí òsì. Wẹ́dà kan ní òun á fi iná tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ̀gbọ́n mi lé e jáde, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dòní. Irin yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ń sùn lórí ẹ̀.

Ohun tá a pàpà ṣe ni pé a ra alátààrà méjì, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé pèpéle, ọ̀kan láti pèpéle dókè. Màámi á sọ̀ lórí ti àkọ́kọ́, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjì pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n á jókòó sórí ìkejì. Kò tó owó tí wọ́n ní ká mú wá fún réèlì tuntun tó ń ṣẹ́rí. Mi ò ní kọ iye tí mo san, náírà ìgbà yẹn kọ́ ni ti ìsinsìnyí. Ẹ ṣáà fi owó àga onítáyà kejì kún un, torí ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa dúró de bàbá lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kí àga sì ṣeé yí lójú ẹsẹ̀ lókè, kí wọ́n lè kọjú sí ilé kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n má máa kẹ̀yìn sí ihò àtẹ̀gùn.

Ọdún méjì ó lé la fi lò ó, màámi sì jayé orí wọn. Wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ ìgbéyàwó, wọ́n ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù bá àwọn tó ń rajà jà. Lọ́dún 2022 àrùn náà tún kọlù wọ́n. Ẹsẹ̀ méjì orí pèpéle yẹn di ohun tí wọn ò lè gbé mọ́. Àga méjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa di ẹrù.

Lójú ìdààmú yẹn ni ọkùnrin kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù gòkè ní òun á kan lífítì fún wa: àpótí irin, wáyà, ẹ̀rọ kan lókè tí ń fà á. Iye tó pè kò tó ìdajì iye táwọn yòókù pè. Mo ní kó kọ́kọ́ fi sìmẹ́ǹtì dán an wò. Àpò mẹ́rin, kílò 200. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kíní, ó gòkè lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wáyà yọ̀, àpótí já lulẹ̀, gbogbo wa funfun bí egúngún. Kò sí nǹkankan tó lè gbá a mú. Ọ̀gá ní sìmẹ́ǹtì ló wúwo jù! Bẹ́ẹ̀ màámi, àga wọn, àti ẹni tó ń tì wọ́n, ó kéré tán, á sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Lífítì gidi ní ohun tó ń dì í mú bí wáyà bá já, ilẹ̀kùn ẹ̀ kì í sì í ṣí bí kò bá sí níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú tàn yín níbí yìí.

Ní ti méjì yòókù tó wà lọ́wọ́ yín. Onígíláàsì yẹn rẹwà, mi ò parọ́. Ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ lókè ẹ̀, àpótí á gòkè. Bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ìwúwo ara ẹ̀ ló ń gbé e sọ̀ wẹ́rẹ́, torí náà kí iná lọ kò já sí nǹkan, ìsàlẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀. Kò fẹ́ kí èèyàn gbẹ́ kòtò sábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó kéré nínú wọn ò gba àga onítáyà, èyí tó tóbi jù lọ nìkan ló gbà á. Ẹ wo inú ìwé yín bóyá òun ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ kékeré, arúgbó tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ló wà fún.

Olóìlì lágbára, kì í pariwo. Iná ló ń ti oìlì gbé e gòkè, ìwúwo ló ń mú un sọ̀, ó sì máa ń ní ibi tí wọ́n lè fọwọ́ ṣí kó rọra sọ̀ tí iná bá lọ. Ohun tí mo bẹ̀rù níbẹ̀ ni ihò dẹ́kìn. Irin tó wà nínú dẹ́kìn àti bíìmù kì í ṣe ohun tí bíríkìlà ń gé bó ṣe wù ú. Ẹnjiníà tó mọ ìṣirò ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi òòlù kàn án.

Àwa ò gé dẹ́kìn. Ẹ̀gbẹ́ bákóní la gbé lífítì tá a pàpà rà sí, a bo orí ẹ̀. Onísíkúrù ni: irin gígùn kan dúró, nọ́ọ̀tì ńlá ń yí gun un, nọ́ọ̀tì kejì wà tó máa gbé e dúró bí àkọ́kọ́ bá jẹ tán. Ó ń kùn díẹ̀, ó sì ń fẹ́ gíríìsì. Kòtò tó fẹ́ kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fọ́ àpáta. Àfi bíi pé àbúrò Olúmọ ló wà lábẹ́ ilé wa. Ká ní èyí tó ń fẹ́ kòtò jíjìn la rà, à bá ṣì máa gbẹ́ ẹ. Màámi ti bi mí pé ṣé á yára bíi lífítì Olúmọ. Kò yára. Ìlànà Yúróòpù fún irú ẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ ju mítà 0.15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mítà mẹ́ta á gbà tó 20 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Tí ọwọ́ bá ti kúrò, ó dúró.

Ọwọ́ yẹn gan-an! Ògiri òsì ni wọ́n ti bọ́tìnì wa mọ́, ọwọ́ òsì màámi sì rèé, kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbé e sí ọ̀tún.

Ní ti iná, ẹ gbé e sórí ìńfátà tó tó o, kí ẹ sì fi sítábíláísà sáàárín. Pákó iná tó ń darí ẹ̀ ni iná tó rẹlẹ̀ àti mànàmáná oṣù kẹta ń bá jà. Tiwa jóná lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró kí òmíràn tó ti òkè òkun dé, àwọn ọmọ alágàárọ́bà sì tún dé. Ẹ ra pákó kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra lífítì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lé yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á wọ inú ẹ̀, kó dé àárín, kí ẹ pa súìṣì ńlá. Bó bá lè sọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ san tó kù.

Ẹ wọn ìbú àtẹ̀gùn yín láti ògiri dé ibi ìdìmú, kí ẹ sọ bóyá ó ń ṣẹ́rí, bó ṣe ga tó láti ilẹ̀ dé òkè, àti ọwọ́ bàbá tó ṣì lágbára. Ẹ kọ wọ́n síbí, mo máa dáhùn lálẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.