Aṣọ ni "guy" àti "dude" ti ṣẹ̀ wá

Ẹnì kan béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín "guy" àti "dude", ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọkùnrin nígbà tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n èsì tí ẹnì kan ti sáré fún un ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́: ó ní irun ìdí erin tó ti kẹ̀ ni "dude" túmọ̀ sí. Àwàdà ọmọ iléèwé ni ìyẹn. Bí irú rẹ̀ bá ti pẹ́ lẹ́nu, àwọn èèyàn a sọ ọ́ di ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé atúmọ̀-èdè tí ìbá là wọ́n lọ́yẹ wà nínú fóònù kan náà tí wọ́n fi ń pín irọ́ kiri.

Ohun tí èmi dúró lé lórí ni pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni méjèèjì: àkísà ló bí "guy", oge àṣejù ló bí "dude".

Orúkọ Guy Fawkes ni àkọ́kọ́ ti wá, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mọ́ Ọba James lórí ní London. Òru tí ilẹ̀ fi mọ́ 5 Oṣù Kọkànlá 1605 ni wọ́n ká a mọ́ abẹ́ ilé náà pẹ̀lú àgbá ẹ̀tù 36. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi òfin sọ ọjọ́ yẹn di ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdọọdún. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ki koríko gbígbẹ sínú ògbólógbòó ṣòkòtò àti ẹ̀wù tó ti ya, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á gbé e kiri òpópónà láti fi tọrọ kọ́bọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n á sọ ọ́ sínú iná. Ère alákìísà yìí ni wọ́n ń pè ní "guy". Láti ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ìmúra rẹ̀ bá ti rí wúruwùru ti di "guy" ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ náà tún fi di ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí kí a fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, èébú inú rẹ̀ gbọn dànù, ó sì ku ọkùnrin lásán. Okùn tí wọ́n fi ń fa àgọ́ le, tí òun náà ń jẹ́ "guy", kò bá a tan rárá.

Ìlú New York ni "dude" ti gbòde ní ọdún 1883. Àwọn ọmọ olówó tí ṣòkòtò wọn fún pinpin, tí kọ́là wọn ga dé àgbọ̀n, tí wọ́n sì ń sín ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ, ni wọ́n fi ń bú. Àwọn olùwádìí kan ní inú Yankee Doodle, orin àtijọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti gé e yọ. Mo fara mọ́ wọn, nítorí òpè tó fi ìyẹ́ há fìlà, tó rò pé òun ti di aláfẹ́, ni orin náà fi ṣẹ̀sín. Àwọn darandaran ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà fi pe ará ìlú ńlá tó wá ṣàlejò, kí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò tó fi máa ń pe ara wọn, kó tó kan àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì òkun ní California.

Lónìí, "guy" dára jù láti fi sọ̀rọ̀ nípa èèyàn, "dude" dára jù láti fi pè é. Scott Kiesling, onímọ̀ èdè tó kọ̀wé lórí "dude" ní ọdún 2004, sọ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi ń fi ìrẹ́pọ̀ hàn láìjẹ́ pé ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn jù. Ohùn ló kù: bí wọ́n bá fà á gùn, ìyanu ni, bí wọ́n bá gé e ṣókí, ìkìlọ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí "you guys" fi ń ṣiṣẹ́ "ẹ̀yin" fún ọkùnrin àti obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn obìnrin kan kò dùn sí i. Èèyàn lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin pàápàá ní "dude" lójúkojú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "that dude" tàbí "that guy" yóò máa wo ọ̀nà fún ọkùnrin.