Síkáànì áyódìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ tairọ́ìdì: ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọjọ́ ti máa ń wọ́

Ẹ kú ìrọ́jú o, àǹtí mi. Ẹ ní wọ́n ti yọ tairọ́ìdì yín, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, nítorí jẹjẹrẹ, pé wọ́n ní kí ẹ wá gbé kápúsù áyódìn onítànṣán mì fún síkáànì gbogbo ara, kí ẹ sì sá fún iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá ń béèrè bóyá ọbẹ̀ àtẹ́ ni ẹ ó máa lá. Rárá o. Iyọ̀ gan-an kọ́ ni wàhálà, áyódìn tí wọ́n pò mọ́ ọn ni.

Ẹran tairọ́ìdì tó bá ṣẹ́ kù sí ọrùn, ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun, áyódìn ló máa ń fà mọ́ra. Tó bá ti jẹ ti inú oúnjẹ yó, kò ní gba ti inú kápúsù mọ́. Àwòrán á jáde bíi pé kò sí nǹkan kan lára, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Èmi gbà pé irú síkáànì bẹ́ẹ̀ burú ju kéèyàn má ṣe é rárá lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí áyódìn ojúmọ́ kan má tó 50 máíkírógíráàmù.

Ní Nàìjíríà, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi áyódìn sí iyọ̀ inú ọ̀rá nítorí gẹ̀gẹ̀. Nítorí náà iyọ̀ ilé, magí, búrẹ́dì, núdùù, sùyà àti oúnjẹ búkà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ tì. Ẹ wá iyọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní áyódìn. Ẹni tó wà ní London, iyọ̀ ṣọ́ọ̀bù lásán kì í sábà ní in. Mílíìkì ni kó sá fún jù níbẹ̀. Ẹja, panla, wàrà, pupa ẹyin àti soya náà, ẹ má jẹ wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rántí yọ ẹja, wọ́n á gbàgbé edé lílọ̀ tó wà nínú ẹ̀gúsí àti irú tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Iṣu, ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́, ata, epo pupa, èso, ẹ̀pà tí kò níyọ̀, àti ẹran tútù tí kò ju 150 gíráàmù lọ lóòjọ́, ẹ jẹ wọ́n. Àkàrà tí ẹ fọwọ́ ara yín dín náà dára.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn: fítámìn, omi ikọ́, oògùn ọkàn tó ń jẹ́ amiodarone, títí kan áyódìn tí wọ́n fi ń nu egbò. Tí ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ áyódìn tó ń mú àwòrán CT hàn láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ levothyroxine, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ tairọ́ìdì tí wọ́n yọ, ló ń fìyà jẹ èèyàn jù. Wọ́n sábà máa ń dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí TSH, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹran tairọ́ìdì fa áyódìn mọ́ra, lè ju 30 lọ. Dókítà ni yóò sọ ìgbà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Àmọ́ òkè òkun ni kápúsù ti ń wá, agbára rẹ̀ sì ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, kò ṣeé tọ́jú sílẹ̀. Nítorí náà, ì báà jẹ́ UCH Ìbàdàn tàbí ibòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ọjọ́ tí kápúsù máa wọlé ti dájú, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fi oògùn sílẹ̀, òtútù, ara wíwú, àìlèyàgbẹ́ àti ìgbàgbé lẹ ó máa bá yí fún ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹ má wa mọ́tò lásìkò yẹn. Abẹ́rẹ́ Thyrogen, tó ń ṣe iṣẹ́ TSH, wà fún ẹni tó lè ra á: 0.9 mg lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, kápúsù lọ́jọ́ kẹta, levothyroxine ò sì ní dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ gan-an ni.

Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, wọ́n á yẹ oyún wò. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kó tó gbé kápúsù mì, kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ náà lọ́mú mọ́.

Kápúsù síkáànì sábà máa ń jẹ́ 2 sí 5 mCi (ìwọ̀n ìtànṣán). Omi lẹ ó fi gbé e mì, ẹ ó wá padà lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ wẹ̀, ẹ fọ irun, ẹ wọ aṣọ tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tí ẹ ti gbé kápúsù mì. Áyódìn ń bá itọ́, òógùn àti ìtọ̀ jáde: ẹ̀kán ìtọ̀ kan lára pátá lè hàn bí àrùn inú eegun ìbàdí, áńkáṣífù inú àpò sì lè hàn bí nǹkan tó wà nínú itan. Ẹ jẹun, ẹ mu omi kí itọ́ tó dúró sí ọ̀nà ọ̀fun lè lọ, ẹ tọ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Tí ìgbẹ́ bá ti há, ẹ gba oògùn tí yóò mú un rọ̀ ṣáájú. Ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ẹ̀rọ á súnmọ́ ojú yín pẹ́kípẹ́kí, kò ní dùn yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, torí ẹ̀yìn ló ń mú èèyàn mira. Bí wọ́n bá rí nǹkan tó ń rúni lójú, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ nu ara, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n tún ibẹ̀ yà.

Lẹ́yìn kápúsù, ẹ jókòó tọ̀, ẹ ṣan ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jìnnà sí aláboyún àti ọmọ kékeré fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú gba ìwé lọ́wọ́ ọsibítù, ẹ̀rọ pápákọ̀ lè mú ìtànṣán náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ fún thyroglobulin, èròjà tí ẹran tairọ́ìdì máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí TSH ṣì wà lókè, kí ẹ sì gba ọjọ́ tí ẹ ó padà sídìí levothyroxine sórí ìwé.