Ọrùn Kò Mọ̀ Pé Eré Ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kubwa ni mò ń gbé. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan máa ń jókòó jiyàn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lórí ta ni ọ̀gá pátápátá nínú àwọn oníjàkadì orí tẹlifíṣàn. Èmi ní Undertaker ni, ẹni tó kú lẹ́ẹ̀meje tó sì jí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní John Cena ni, torí bẹ́líìtì 17. Ìkẹta ní kò sẹ́ni tó tó Power Mike wa. Ìkẹrin ní ká yé da ara wa láàmú, pé eré ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tí nǹkan kan ń dùn níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ara, ẹ bá wa dá a. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjì, ọdún 10 àti ọdún 7, náà ti ń fi ara wọn ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wọn ní kí n dá wọn lẹ́kun. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí eré ni.

ÌDÁHÙN: Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ǹ lẹ́ o. Gbólóhùn tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka ìyókù mọ́. Ìyàwó yín ló jàre. Ẹ dá àwọn ọmọ yẹn lẹ́kun lónìí, ká tó máa sọ ti Undertaker.

Bí ẹ ṣe ń jiyàn tó, nǹkan kan náà ni ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín kẹrin gbà gbọ́: pé tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó máa borí tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ìpalára níbẹ̀. Físíò ni mí, àwa tí a máa ń kọ́ iṣan àti oríkèé bí wọ́n ṣe máa padà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìpalára. Mo ti gbọ́ "ṣebí eré ni" yìí lẹ́nu àwọn òbí nílùú Abuja níbí títí ó fi sú mi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọmọ náà ti wà lórí tábìlì ìtọ́jú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ohun tó mú kó ṣòro láti tú ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣètò ẹni tó máa borí lóòótọ́, kì í sì í ṣe àṣírí mọ́. Láti oṣù kejì ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ WWF, tí a mọ̀ sí WWE báyìí, ti fi ẹnu ara wọn sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà pé fàájì àwọn òǹwòran ni àwọn ń ṣe, pé kì í ṣe ìdíje gidi, kí ìjọba lè yé bójú tó wọn bó ṣe ń bójú tó àwọn akànṣẹ́. Wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn lórí ẹni tó máa borí. Kò sẹ́ni tó lè bá ilẹ̀ ṣàdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣubú lé. Irin ló wà nísàlẹ̀ ríìngì yẹn. Wọ́n to pákó sórí irin, wọ́n tẹ́ fóòmù tín-ín-rín sórí pákó, wọ́n wá fi kanfáàsì bò ó, wọ́n fà á le dáadáa. Ó máa ń fì díẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, àmọ́ pákó ni. Àwọn Haúsá tó ń ja kokawa níhìn-ín, orí iyanrìn ni wọ́n ti ń jà á. Àwa ní Ọ̀fà tí wọ́n ń kì pé "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà", bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ó parí. Àwọn ti orí tẹlifíṣàn ń fi ẹ̀yìn lu pákó lálẹ́ òní, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n á tún fi lù ú lọ́la.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dìde, nígbà náà? Wọ́n kọ́ṣẹ́ ṣíṣubú ni, bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n á lẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa kanlẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí gbogbo ẹ̀yìn òkè balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí agbára ìṣubú náà lè pín káàkiri, kó má dá dúró sójú kan. Wọ́n á fi apá méjèèjì gbá ilẹ̀, wọ́n á sì tú èémí síta, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni pé ẹni tí wọ́n ń gbé náà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Undertaker bá fi ọwọ́ kan di ènìyàn lọ́fun tó sì gbé e sókè, ẹ tún un wò dáadáa: ẹni yẹn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ló sì fò. Ènìyàn méjì ló ń gbé ara kan ṣoṣo. Ọmọ yín ọdún 7 kò mọ̀ pé ó yẹ kóun fò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ ibi tí orí àbúrò òun máa balẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀dì ní etí, ó ní igi níbi orí, ògiri sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá gan-an ń ṣì í ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Owen Hart gbé Steve Austin dorí kodò láti fi ìdí jókòó, irú èyí tí orí ẹni tí a gbé gbọ́dọ̀ wà lókè díẹ̀ sí ilẹ̀ láàrin itan ẹni tó gbé e. Orí Austin yọ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọrùn rẹ̀ sì gba gbogbo ìwúwo náà. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ìpè. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn fún un ní ọdún 2000, nígbà tó sì di 2003 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Droz kò rí bẹ́ẹ̀ yọ. Oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni wọ́n gbé e, tí ìgbésókè náà bàjẹ́, tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú. Àwọn méjèèjì mọ ẹni tó máa borí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọrùn wọn kò mọ̀.

Undertaker yín gan-an ni ẹlẹ́rìí mi tó lágbára jù. Mark Calaway ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Texas ni, oṣù kọkànlá ọdún 1990 ló dé WWF. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí Yokozuna àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í mọ́ inú pósí tí àwọn ọmọdé Nàìjíríà ń sunkún pé ó ti kú, ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ilé ló lọ, ó lọ sinmi, ó padà dé ní oṣù kẹjọ. Àjíǹde tí ẹ ń kà yẹn, ìsinmi ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni. Ní 1995, wọ́n fọ́ ọ ní egungun ẹ̀bá ojú, ìyẹn ló jẹ́ kó máa wọ ìbòjú kiri. Ní oṣù kejì ọdún 2010, ní ìlú St. Louis, iná tí wọ́n máa ń tàn tó bá ń wọlé ràn mọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù náà sọnù, wọ́n ń fún un lómi tó ń dà sára, ó sì wọ inú ìjà lọ pẹ̀lú awọ ara tó ti jóná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, alẹ́ tí Brock Lesnar fòpin sí ìborí 21 tó ti ní léraléra ní WrestleMania, àṣeyẹ ńlá tí WWE máa ń ṣe lọ́dọọdún, ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Ọpọlọ rẹ̀ ti mì nínú agbárí, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé òun kò rántí ìjà náà. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tó ti kú lẹ́ẹ̀meje kọ́ nìyẹn. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí kò jẹ́ kí ẹ rí ìrora òun fún ọgbọ̀n ọdún ni, èmi sì bọ̀wọ̀ fún un ju bí ẹ ṣe bọ̀wọ̀ fún un lọ.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ kan. Apá Mararaba ni wọ́n ti gbé e wá, ọmọ ọdún 12. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sókè, ó fi í sọ bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ sì gbá etí igi. Ó sunkún díẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ le láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ládùúgbò tó ń pe ara rẹ̀ ní teguntegun, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní mai ɗori. Ọkùnrin yẹn fi ìpara gbígbóná ra ọrùn ọmọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, ó sì yí i títí ó fi dún. Ó ní àìsàn náà ló ń jáde yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, síbí jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kò sì lè mú un nílẹ̀.

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ní ọsibítù. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé. Mo ní kó de bọ́tìnì rẹ̀. Ọwọ́ òsì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ìka ọ̀tún kàn ń yọ́ lórí bọ́tìnì ni, bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń làágùn nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Bọ́tìnì kan ṣoṣo gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mi ò lè búra pé ọkùnrin tó yí i lọ́rùn ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ìṣubú nìkan ti tó. Àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí ọrùn tó ti fara gbọgbẹ́ kí wọ́n tó yà á ní ẹ́síréè, inú sì ń bí mi títí di òní pé ó gba owó.

Torí náà, bí ọmọ bá fi orí tàbí ọrùn gúnlẹ̀, ẹ má fà á dìde. Ẹ má mì í, ẹ má fi ìrọ̀rí há a lórí. Ẹ sọ fún un kó má mira, kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì ti orí rẹ̀ sójú kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe bá a, kí ẹlòmíràn pe 112. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń ta á, tí ara rẹ̀ kú, tó ń bì, tó ń sùn ní àkókò tí kì í sùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ọsibítù ni, kì í ṣe ọ̀la. Èmi kò rí àwọn ọmọ yín o. Ìmọ̀ràn fún gbogbo ènìyàn ni mò ń fúnni níbí, kò lè rọ́pò kí dókítà fojú ara rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò.

Ó yá, àríyànjiyàn yín. Mi ò ní pẹ́ lórí Cena. Ó gba ìkẹtàdínlógún ní Las Vegas ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó sì fi ju Ric Flair, oníjàkadì àtijọ́ tí wọ́n jọ wà ní mẹ́rìndínlógún tẹ́lẹ̀, lọ. Àmọ́ kí ènìyàn tó gba bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Bruno Sammartino gba ti WWWF, èyí tó bí WWF, ó sì di ti àkọ́kọ́ mú fún ọjọ́ 2,803, láti 1963 títí di 1971. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ló ń gbé bẹ́líìtì fún ẹni tó bá lè kó èrò wá. Iye rẹ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe fọkàn tán ènìyàn tó, ìyẹn náà sì níyì, àmọ́ kò sọ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù. Power Mike, ọmọ Okpala, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti wa. Agbára tó ní kò nílò ìtàn oògùn tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ má sì gbàgbé Omos, Tolulope Omogbehin tí wọ́n bí ní Èkó, tí òun àti AJ Styles jọ gba bẹ́líìtì ẹlẹ́ni méjì ní WrestleMania ọdún 2021.

Bí ẹ bá ní kí n fi ojú iṣẹ́ mi wò ó, Bret Hart ni. Ọmọ Kánádà ni, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ nínú yàrá abẹ́ ilé wọn ní Calgary. Ohun tó fi ń yangàn jù lọ ni pé òun kò ṣe alábàáṣiṣẹ́ òun kankan léṣe rí. Ẹ ronú lé e: fún ogún ọdún, lálaalẹ́, àwọn ọkùnrin gbé ọrùn wọn lé e lọ́wọ́, ó sì ń dá a padà fún wọn bó ṣe gbà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níwájú èrò tí wọ́n ní ó lé ní 80,000, òun àti ọkọ àbúrò rẹ̀, Davey Boy Smith, ló jọ jà. Bret sọ pé àna òun ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n jọ ṣètò kí wọ́n tó jìnnà, òun ló ń sọ ọ́ sí i létí títí ìjà fi parí. Ẹ lọ wò ó, ẹ ò ní mọ̀. Wọ́n sì dá Bret lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àna rẹ̀ ló gba bẹ́líìtì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, ìpá kan láti ẹsẹ̀ Goldberg bà á lórí, ọpọlọ rẹ̀ mì, ìyẹn ló sì fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Goldberg ti sọ pé ó dun òun. Mo gbà á gbọ́.

Bí ìjàkadì bá wà lẹ́jẹ̀ àwọn ọmọ yín, mi ò ní kẹ́ ẹ pa á. Ẹ wá olùkọ́ tó ní máàtì gidi, tó ń kọ́ni ní ìjàkadì irú ti Òlíḿpíìkì, irú èyí tí Daniel Igali, ọmọ Nàìjíríà, fi gba góòlù fún Kánádà ní Sydney ní ọdún 2000. Ṣíṣubú ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ wọn.

Ní alẹ́ òní, ẹ pe ọmọ ọdún 7 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní kó wo òkè, kó wo ilẹ̀, kó wo ọ̀tún àti òsì, òun fúnra rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ bi í bóyá ọrùn ń dùn ún. Ẹ má bi í lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.