Ta Ló Pa Oníbúrẹ́dì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ìwé kẹfà nínú ọ̀wọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ etíkun kan já mi kulẹ̀. Ojú ewé 190 ni apànìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú! Ṣé èmi ni mi ò mọ̀wé kà ni? (Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́)

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ojú yín ò fọ́. Èmi náà kà á ní Kétu lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ. Epo àtùpà mi ló ń dùn mí. Láti 1929 ni Ronald Knox, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ti fi í ṣòfin pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti hàn níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Etíkun ọ̀hún gan-an, ẹja kan ò rùn níbẹ̀! Ológbò àti kéèkì ṣáá ni. Ẹ gbé e fún ẹlẹ́pà, kó fi pọ́npà.