Ta ni Ray Harroun, ṣé òótọ́ ni pé òun ló kọ́kọ́ fi díńgí sí mọ́tò?

Awakọ̀ ará Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lọ́dún 1879. Òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Indianapolis 500 àkọ́kọ́, ìyẹn eré mọ́tò oní-máìlì 500 nílùú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1911. Ẹnjiníà ni ní iléeṣẹ́ Marmon tó ń ṣe mọ́tò nígbà náà.

Ti díńgí ńkọ́? Láyé ọjọ́un, mẹ́káníìkì máa ń jókòó ti awakọ̀, òun ló ń bá a wo ẹ̀yìn. Ìjókòó kan ṣoṣo ni mọ́tò Harroun ní, làwọn tí wọ́n jọ fẹ́ díje bá fárígá pé ó léwu. Ló bá so díńgí mọ́ iwájú mọ́tò. Pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é láyé, mi ò ní búra sí i: òun fúnra rẹ̀ ní ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lòun ti rí i. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ó jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé bíríkì ojú ọ̀nà ń gbọn díńgí náà débi pé òun ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀!

Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 42 ni mọ́tò náà fi sá máìlì 500. Awakọ̀ mìíràn, Cyrus Patschke, bá a wà á díẹ̀ láàárín. Ọdún 1968 ni Harroun kú, lẹ́ni ọdún 89.