Mò ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀mí burúkú wà nínú yàrá mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi. Ọmọ ọdún 27 ni mí, ọmọ Òṣogbo, Manchester ni mo wà báyìí, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, náìtì mẹ́rin lọ́sẹ̀, nígbà míì márùn-ún. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, tí mo bá ti dé láàárọ̀ tí mo sùn, màá kàn lajú, màá rí yàrá mi, màá rí kọ́tìnì, ṣùgbọ́n mi ò ní lè gbé ìka kan, nǹkan kan á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mi ò rí ojú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibi ló bá wá. Ìgbà míì á wá jókòó lé mi láyà. Mo fẹ́ pe Jésù, ẹnu mi ò ní là. Màámi ní ọkọ ọ̀run ni, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 pẹ̀lú àdúrà ọ̀gànjọ́. Ohun tí mi ò lè sọ fún wọn ni pé ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti mọ̀ bóyá mo gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, látìgbà tí bàbá mi ti kú lẹ́yìn gbogbo àdúrà tá a gbà. Ó wá ń yà mí lẹ́nu, báwo ló ṣe máa dá mi lójú pé ẹ̀mí burúkú wà, kí n má wá mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà? Ṣé àìgbàgbọ́ mi ló ṣílẹ̀kùn fún wọn ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, àbúrò mi. Èyí tó o fi parí ọ̀rọ̀ ẹ ni mo kọ́kọ́ dáhùn torí mo mọ̀ pé òun ló wúwo jù lọ́kàn ẹ. Àìgbàgbọ́ ẹ ò ṣílẹ̀kùn fún ohunkóhun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe dókítà ọpọlọ, àwọn tó ti jókòó síwájú mi tí wọ́n sọ ohun tó o sọ yìí gẹ́lẹ́, pásítọ̀ wà ńbẹ̀, alfa tí ìrun kan kì í fò wà ńbẹ̀, ẹni tí ò gba nǹkankan gbọ́ náà wà ńbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa ni, kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn rárá.

Mo sì gbà ẹ́ gbọ́. O ò ya wèrè, o ò sì parọ́. Ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí, àwa dókítà ń pè é ní sleep paralysis, àwọn àgbà wa ń pè é ní ogun òru, kódà ní 2007 àwọn dókítà ọpọlọ tó jẹ́ Yorùbá kọ nípa ẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tí gbogbo ayé ń kà, orúkọ Yorùbá yẹn gan-an ni wọ́n sì fi pè é. Tìẹ kàn ń jà lọ́sàn-án ni torí pé ọ̀sán lo ń sùn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Oorun kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí àlá máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ jù ni wọ́n ń pè ní REM, ẹyinjú á máa yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Lásìkò yẹn ọpọlọ máa ń ti iṣan ara pa, àfi ti ojú àti èyí tá a fi ń mí, kó má di pé ò ń sáré lójú àlá kó o wá fi ẹsẹ̀ gbá ògiri. Ààbò ni fún wa. Ṣùgbọ́n tó o bá jí lójijì nígbà tí REM ò tíì parí, ojú ẹ á là, etí ẹ á máa gbọ́, wàá mọ̀ pé yàrá ẹ lo wà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tí ọpọlọ fi ti ara pa, kò tíì ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ìka ò fi gbé, tí ahọ́n ò fi yí láti pe Jésù. Kì í ṣe pé ẹnìkan di ẹ́ lẹ́nu kó o má baà pè é. Àyà tó wúwo yẹn náà, iṣan àyà ló dẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń ṣiṣẹ́, o ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ fi agbára mí kanlẹ̀ kò ní gbà fún ẹ, ìbẹ̀rù á wá gorí ìbẹ̀rù. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, bó tiẹ̀ dà bí wákàtí kan.

Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn wá ńkọ́? Ibi tí ìbẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ máa ń gbóná gan-an nínú oorun REM, nígbà tó o bá wá jí tí ìbẹ̀rù yẹn ò tíì lọ, ọpọlọ ẹ á máa wá ẹni tó fa ìbẹ̀rù yẹn kiri inú yàrá. Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Switzerland fún ẹ, 2006 ni wọ́n kọ ọ́ síta. Àwọn dókítà ń yẹ ọpọlọ ọmọbìnrin ọlọ́dún 22 kan wò torí wárápá, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibì kan lápá òsì ọpọlọ ẹ̀, lókè etí síhà ẹ̀yìn, á ní ẹnìkan wà lẹ́yìn òun. Tó bá sùn, ẹni yẹn sùn. Tó bá jókòó tó fọwọ́ gbá orúnkún mọ́ra, á ní ẹni yẹn ti jókòó, ó ti wá ń fọwọ́ gbá òun mọ́ra, kò sì dùn mọ́ òun nínú. Wọ́n ní kó ka nǹkan tó wà lára káàdì kan, ó ní ẹni yẹn fẹ́ gba káàdì lọ́wọ́ òun, kò fẹ́ kí òun kà á. Wọ́n bá yọ iná náà, ẹni yẹn á lọ. Òjìji tara ẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀ sọ di ẹlòmíì. Èmi tí mo ti rí àìsàn ọpọlọ oríṣiríṣi, ìtàn yẹn ṣì máa ń mú mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ìwọ nìkan kọ́, Yorùbá nìkan kọ́. Ní Brazil wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Pisadeira, tí èékánná ẹ̀ gùn, orí òrùlé ló máa ń wà tá á fi sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ẹni tó bá yó sùn mọ́lẹ̀ láyà. Ní Japan wọ́n ń pè é ní kanashibari, ní Newfoundland lọ́dọ̀ àwọn Kánádà, ìyá arúgbó náà ni. Ara kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn, ìlú kọ̀ọ̀kan wá fi ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù nílé wọn sí i. Tó bá jẹ́ Brazil ni wọ́n bí ẹ sí ni, ọkọ ọ̀run ò ní wá sọ́dọ̀ ẹ, Pisadeira ni ò bá rí.

Nísinsìnyí, kí ló dé tó fi jẹ́ láti oṣù mẹ́ta? O ò sọ ìgbà tó o bẹ̀rẹ̀ náìtì, ṣùgbọ́n lọ ṣírò ẹ̀, ó máa yà mí lẹ́nu tí kò bá sún mọ́ ara wọn. Oorun àárọ̀ ni REM ti máa ń pọ̀ jù, ìwọ sì ti rẹ̀ débi pé o lè ti ojú ṣíṣí bọ́ sínú àlá tààrà. Àìsùn tó, oorun tí kò ní àkókò kan, fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àti ọ̀fọ̀ tí a ò tíì sun ẹkún ẹ̀ tán, gbogbo ẹ̀ ló máa ń fà á, ó sì dà bíi pé gbogbo ẹ̀ lo ní.

Torí náà mo fẹ́ kó o máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, fi ìrọ̀rí sẹ́yìn kó o má baà yí padà. Ra kọ́tìnì dúdú tó nípọn. Má mu kọfí tàbí àwọn ọtí agólo tó ń múni lajú láti agogo méjì òru lọ, mo mọ̀ pé wákàtí yẹn gan-an ló máa ń wù ẹ́ mu jù, ṣùgbọ́n òun lo ṣì ń gbé délé. Kódà lọ́jọ́ tó ò níṣẹ́, gbìyànjú kí oorun ẹ má jìnnà sí àkókò kan náà. Tó bá tún mú ẹ, má jà mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ara. Mú ojú kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn, mí díẹ̀díẹ̀, kó o wá gbájú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan péré tàbí ahọ́n, máa gbìyànjú kó o mì ín, tí ìyẹn bá ti mì, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń ṣe náìtì déédéé ní UK lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́, béèrè fún un, kó o jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé náìtì márùn-ún lọ́sẹ̀ ń ṣe ẹ́ níjàm̀bá. Mo mọ̀ pé tí fisà bá wà lọ́wọ́ ibi iṣẹ́, ẹnu èèyàn kì í fẹ́ là, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹ ni.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀mí wà nínú ilé òun: ṣé orí máa ń fọ́ ẹ nínú ilé yẹn tó sì máa ń fúyẹ́ tó o bá jáde? Ní 1921 dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà kọ nípa ìdílé kan tó ń gbọ́ ẹsẹ̀, tó ń rí òkú nínú ilé, iná tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ló bàjẹ́ tó ń tú gáàsì carbon monoxide sí wọn lára. Gáàsì yẹn ò rùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani. Wò ó bóyá álààmù ẹ̀ wà níbi tí bọ́ílà wà, òfin ti mú un dandan fún onílé tó ń gba owó ilé ní England láti October 2022. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ̀ ń kà á, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé lálẹ́ ni tiyín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e jìnnà.

Ọ̀rọ̀ màmá ẹ ló kàn. Mi ò ní bá wọn jà, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti fi ẹ̀rọ sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀mí, Lambo, dókítà ọpọlọ tó dá ètò ìtọ́jú Aró sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1954, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ẹ̀kọ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ọjọ́ 21 pẹ̀lú àdúrà ọ̀gànjọ́, lórí ẹni tí kì í sùn tó, epo ni wọ́n fẹ́ dà síná. Oorun tó ṣẹ́ kù fún ẹ ló máa gbà, nǹkan yẹn á sì máa wá léraléra, wọ́n á ní ogun náà le ju bí àwọn ṣe rò lọ, wọ́n á fi ọjọ́ kún ọjọ́. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Tí wọ́n bá ní Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ ká jọ ṣí Máàkù orí 9. Bàbá kan gbé ọmọ ẹ̀ wá, ẹ̀mí kan ń gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ó ti jù ú síná jù ú sómi. Bàbá yẹn ò dá ara ẹ̀ lójú, ó ní tí Jésù bá lè ṣe ohunkóhun kó ṣàánú àwọn, ìgbà tó yá ló figbe ta pé òun gbàgbọ́, kó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù ò ní kó lọ tún ìgbàgbọ́ ẹ̀ ṣe kó tó padà wá. Lọ́jọ́ yẹn náà ni ọmọ gba ìwòsàn. Èyí tí màmá ẹ ń wò, ọ̀rọ̀ àdúrà àti ààwẹ̀, ó wà lẹ́yìn ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọn ò sọ ọ́ fún ọmọ tára ẹ̀ ò yá. Tí màmá ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀ fún ẹ, kí wọ́n gbà á. Ìwọ, lọ sùn.

Wàá ní mi ò tíì dáhùn èyí tó jinlẹ̀ jù, pé báwo ni ibi ṣe dá ẹ lójú tí Ọlọ́run ò sì dá ẹ lójú. Ohun tí mo rò ni pé àwọn méjèèjì ò gba ọ̀nà kan náà wọ inú ẹ. Ti àkọ́kọ́, ara ẹ ló gbé e wá, ó dé pẹ̀lú àyà tó ń já àti òógùn, kò bi ẹ́ léèrè bóyá o gbà. Ti ìkejì, ó ń gba àsìkò, ó ń gba ìrònú, ó ń gba àwọn èèyàn tó o fọkàn tán, ìbànújẹ́ sì lè dí i lọ́nà fún ọdún gbọọrọ. Má fi bí ìbẹ̀rù ṣe pariwo tó wọn ẹni tó wà àti ẹni tí kò sí. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé níwọ̀n ìgbà tó o ti rí èṣù, Ọlọ́run náà ní láti wà nìyẹn, má jẹ́ kí wọ́n fi jìnnìjìnnì kọ́ ilé ìgbàgbọ́ fún ẹ, torí ọjọ́ tó o bá sùn dáadáa fún oṣù kan, kí ló máa gbé ilé yẹn dúró? Mother Teresa tí gbogbo ayé mọ̀, lẹ́yìn tó kú, ní 2007, lẹ́tà tó kọ jáde, a wá rí i pé ó fi bí 50 ọdún wá Ọlọ́run láyà ara ẹ̀ tí kò rí i, kò sì pa àwọn aláìsàn tó ń tọ́jú tì. Mi ò ní kó o dà bíi tiẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé àìdánilójú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń rán ẹ̀mí wá fi jẹni níyà.

Bàbá ẹ ni mo ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lọ. Ẹ gbàdúrà, wọ́n sì kú, ó dà bíi pé kò tíì sẹ́ni tó jẹ́ kó o bínú nípa ẹ̀. Ní England o lè forúkọ sílẹ̀ fúnra ẹ fún NHS Talking Therapies, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn nípa ìjíròrò, láìkọ́kọ́ rí GP (dókítà àdúgbò ẹ), àwọn chaplain, àlùfáà ilé ìwòsàn, náà sì máa ń gbọ́ tẹnu onígbàgbọ́ àti ẹni tí kò gbàgbọ́.

GP ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ o, pàápàá tí oorun bá ń jí ẹ gbé lójijì lọ́sàn-án, tí orúnkún ẹ bá ń yẹ̀ tó o bá rẹ́rìn-ín, tàbí tó o bá ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó tí ẹlòmíì ò gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé o ń gbọ́ ohùn tàbí o ń rí ẹni yẹn nígbà tó o dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ, tàbí ó ń wá sí ẹ lọ́kàn láti pa ara ẹ lára, má dúró de ìwé ìpè, tẹ 111 kó o wá mú 2, tó bá jẹ́ kíákíá, 999.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, máa kọ ọ́ sínú fóònù: aago tó o sùn, aago tó dé bá ẹ, ẹ̀yìn lo fi lélẹ̀ àbí ẹ̀gbẹ́, náìtì mélòó lo ti ṣe tẹ̀ léra. Gbé e lọ fún GP, kó o fi ránṣẹ́ sí èmi náà, mò ń retí ẹ.